Èènì Tí Bàbá Ọmọ Mi Fi Lé Búrẹ́dì Sàárà

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ yín pé ẹmu ló mú búrẹ́dì wú, ó máa tú ọjà yín ká, á sì tú tiwa mọ́ ọn. Wọn ò bi yín léèrè. Kí ló dé tí ẹ̀ ń dáhùn?”

Ìyá Olóyin ló kìlọ̀ yìí fún mi ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí a ń ká aṣọ kúrò lórí tábìlì. Ìsọ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa. Oyin ló ń tà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ata tó gbìn fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá wa. Bí òjò bá ṣú, òun ló máa ń kọ́kọ́ bá wa da tapólì bo búrẹ́dì kó tó rántí ẹ̀fọ́ tirẹ̀. Nítorí náà n kò bá a jà. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá Olóyin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹmu yìí bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé wa dé ibi tó parí sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìwé tèmi mọ, n kì í sì í ṣe òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí a sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí gan-an, kó má lé, kó má dín.

Ìlódè ni ilé wa wà. Lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ọkọ mi fi amọ̀ mọ ààrò ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí èéfín má bàa máa wọ yàrá àwọn ayálégbé. Ọkọ mi ló ń roko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, iṣu, ọsàn àti ewédú tí a ń tà wá láti ọwọ́ rẹ̀. Èmi àti ọmọ wa obìnrin ló ń ṣe búrẹ́dì. Ọmọ náà ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ti ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ó sì ń retí kí wọ́n gbà á wọlé. Kó má bàa jókòó sílé máa wo ojú fóònù, ó sọ ààrò náà di iṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, olùrànlọ́wọ́ mi ni. Nígbà tó yá, èmi ni mo di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Òun nìkan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. N kò lè fi pamọ́ pé mo máa ń bẹ̀rù lórí rẹ̀. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ti ń wá aṣọ òtútù. Bó bá fẹ́ na ọwọ́ sínú ààrò, mo ti ń pariwo pé kó fi aṣọ di apá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá rẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ráyè, màá kó ọmọ náà sínú ọ̀rá bíi búrẹ́dì, màá sì so ẹnu ọ̀rá náà kí eruku má bàa bà á. Mo máa ń dá a lóhùn pé eruku Ifẹ̀ yìí, òun náà mọ bó ṣe rí.

Ọjà àgbẹ̀ tí a ń ná ní gbogbo Sátidé wà ní ojú ọ̀nà Mayfair, lórí ilẹ̀ gbalasa kan tí igi máńgòrò yí ká. Àwọn ará ìlú máa ń wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yunifásítì náà máa ń yà lójú ọ̀nà. Òfin ibẹ̀ kò le. Ohun tí o gbìn tàbí tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ni kí o tà, má sì pè é ní ohun tí kò jẹ́. Ẹni tó bá rú òfin yìí, àwọn tó ń ṣe àkóso ọjà kì í bá a pariwo, tábìlì rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà fún ẹlòmíràn. Ojú mi ló ṣe nígbà tí wọ́n ní kí ọkùnrin kan palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án gangan, nítorí ó ń sọ pé epo òun kò ní àdàlù, wọ́n sì bá àdàlù nísàlẹ̀ agolo rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò lè gbé ojú sókè bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sí orí kẹ̀kẹ́. Mo wo ìyàwó náà, mo wo ọmọ mi.

Búrẹ́dì oríṣi méjì ni a ń gbé lọ. Èkíní, yíìsì la fi ń ṣe é, bí gbogbo ayé ti ń ṣe é. Èkejì, ẹmu. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ló kọ́ mi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, yíìsì kì í sábà délé àwọn òun, ẹmu òwúrọ̀ tí kò tíì kan ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Ẹmu kì í kánjú. Bí a bá pò ó ní ìrọ̀lẹ́, a ó bò ó, a ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó wú tó bó ṣe yẹ. Bó bá sì jáde nínú ààrò, ẹ̀yìn rẹ̀ á le díẹ̀, inú rẹ̀ á rọ̀, adùn kan á sì wà lẹ́yìn ahọ́n tí ṣúgà kò lè fún ni. Mo ti pa á tì tipẹ́. Ọmọ mi ló gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu mi tó ní ká gbìyànjú rẹ̀ wò.

Òun náà ló ṣètò bí wọn ò ṣe ní í dàpọ̀. Abọ́ funfun ni ti yíìsì, abọ́ àwọ̀ aró ni ti ẹmu. Mo bínú nígbà tó ra abọ́ kejì, mo ní ṣé èyí tó wà nílé jò ni. Kó tó ti búrẹ́dì ẹlẹ́mu sínú ààrò, á fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ níbì kan kí ojú ìka náà hàn. Bí a ṣe wá ń pè é ní onítẹ̀ka nílé nìyẹn. “Onítẹ̀ka mélòó ló kù?” “Onítẹ̀ka ti jinná.” A pè é bẹ́ẹ̀ títí a kò fi dárúkọ ẹmu mọ́ láàárín ara wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

Ní ọjà, onítẹ̀ka máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀, oníyíìsì nínú páálí. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀, ọmọ mi á sọ fún un kó tó gbowó: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹmu ló mú èyí wú o. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ti inú páálí kò ní ẹmu.” Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan bi í léèrè pé, “Ṣé mi ò ní í ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ wọ kíláàsì báyìí?” Ó ní, “Àfi tí ẹ bá jẹ apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, sà.”

Ọkọ mi ńkọ́? Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò lè tajà kó má fi èènì lé e. Ẹni tó ra ọsàn á gba ọsàn kan sí i. Ẹni tó ra iṣu á gba ewédú. Mo ti bá a sọ ọ́ títí. Ó ní ọjà tí kò ní èènì dà bí ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á dúró dè é bí èmi bá wà nídìí tábìlì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Alhaja kan láti Òkè-Ogbó, ìyá àgbà tó máa ń fi ìbòrí funfun wá sọ́jà, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Oníyíìsì ló máa ń rà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí apẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó ní, “Ọlọ́run ló rán ọ sí mi.” Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi nìkan ló máa ń jẹ́ kó mú búrẹ́dì fún òun.

Alhaja yìí ló wá fún wa ní iṣẹ́ tó tóbi jù tí a rí gbà. Ó fẹ́ ṣe sàárà fún ìyá rẹ̀ tó ti kú. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ Sátidé, wọn yóò ṣe àdúrà ní ojúlé rẹ̀, wọn yóò sì pín búrẹ́dì àti àkàrà fún gbogbo ẹni tó bá wá. Oníyíìsì ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọ mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà. Ó pò ó, ó gé e, ó dá iná. Nígbà tó kó wọn sínú páálí tí wọ́n rí bákan náà, orí ń wú mi, mo sì fẹ́ ké sí àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wò ó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé náà, àbúrò Alhaja gbé kẹ̀kẹ́ wá kó o ní ọjà. Èmi àti ọmọ mi ń da iṣu sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọkọ mi ló dúró tì í. A gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ́ náà sì lọ.

Nígbà tí oòrùn ti wọ́ dé àárín orí, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè onítẹ̀ka. Ọmọ mi ṣí apẹ̀rẹ̀, ó dúró.

“Dádì, ta ló ra nínú ìwọ̀nyí?”

“Kò sẹ́ni tó rà á,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Ọsàn ló ń bó lọ́wọ́. “Èènì ni mo fi lé ti Alhaja. Ẹni tó ra ọjà rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀, tó fẹ́ fi ṣe sàárà, kí n jẹ́ kó lọ lásán? Èyí tó dùn jù ni mo mú fún un.”

“Onítẹ̀ka lẹ mú?”

“Òun náà ni. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé…” Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Yéè! Ẹmu!”

Ẹ má rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gba ẹmu lọ́wọ́ adẹ́mu ní oko. Ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, onítẹ̀ka ti di orúkọ búrẹ́dì tó dùn, kì í ṣe orúkọ búrẹ́dì tó ní ẹmu. Ẹni tí kò lawọ́ kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí.

Mo pe Alhaja lórí fóònù. Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún un pè. Ìyá Olóyin ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìsọ̀ tirẹ̀. Ó rọra sún mọ́ wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fara balẹ̀. Ṣebí ẹ yan án? Iná ti jó gbogbo ẹmu inú ẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á ṣàdúrà, ó parí. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lọ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á dé etí àwọn tó ń ṣe àkóso ọjà yìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ rántí elépo ọjọ́sí.”

Mo rántí rẹ̀. Mo rántí ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà. N kò ní parọ́, ọ̀rọ̀ Ìyá Olóyin ṣe bí ọ̀rọ̀ gidi létí mi. Kì í ṣe tábìlì nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Òkè-Ogbó kò jìnnà, Ifẹ̀ kò sì tóbi tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Orúkọ tí wọ́n bá fún ọmọbìnrin ní ojúlé kan lónìí, yóò bá a dé ilé ọkọ. Mo ti ń gbọ́ ọ: ọmọ tó fi ẹmu bọ́ àwọn ìmàle níbi àdúrà.

Mo ní kí bàbá rẹ̀ lọ, kí ọmọ jókòó. Ọmọ mi ti ń tú aṣọ iṣẹ́ tó so mọ́ ìbàdí.

“Mọ́mì, èmi ni mo po búrẹ́dì yẹn. Èmi ni Alhaja gbà gbọ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tá a tún lè sọ. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ṣì kù tá a lè sọ.”

“Èmi ni màá sọ ọ́, nígbà náà. Ìwọ kàn dúró lẹ́yìn mi.”

“Ó dáa, mà.”

A wọ kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ̀ ní òun yóò ká ọjà, òun yóò sì pàdé wa nílé. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, mò ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu: bí mo ṣe máa kí wọn, bí mo ṣe máa fi àdúrà fún ìyá Alhaja ṣáájú, ibi tí mo ti máa wá dárúkọ ẹmu. Mo tò ó dáadáa.

Nígbà tí a dé ojúlé Alhaja, wọ́n ti ta aṣọ bo ojú oòrùn, wọ́n ti tẹ́ ẹní. Àwọn obìnrin jókòó yí àwo ńlá kan ká, wọ́n ń gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń dà á pọ̀. Ojú ìtẹ̀ka ti bá ọ̀bẹ lọ. Kò sí bí a ṣe lè mọ èwo ni èwo mọ́. Mo la ẹnu láti kí wọn. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọ mi ti kúnlẹ̀ níwájú Alhaja.

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Búrẹ́dì tí ẹ ní ká ṣe kò ní ẹmu. Ṣùgbọ́n bàbá mi fi èènì sí i, inú apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́mu ló ti mú un. Ó ti dàpọ̀ báyìí. Ẹ má bínú.”

Obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò dá ẹnu dúró. Ó ní, “Mo ti jẹ níbẹ̀ o!”

Èkejì tì í ní èjìká. “Abájọ! Mo ní kí ló dé tí o ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn kọ́. Ẹnìkan tó ń bu epo sínú agbada àkàrà dìde, ó nàka sí wa. “Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì yìí, èwo lèyí? Ṣé ẹ rí sàárà wa bí eré ni? Èmi ti sọ fún Alhaja pé kó lọ sí bekìrì tó wà nítòsí.” Ọmọ mi kò dìde. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Òótọ́ lẹ sọ.” Ọkàn mi ń sọ pé kí n fà á dìde kí n gbé e lọ sílé.

Alhaja ń wo ọmọ náà.

“Èyí tí mo máa ń rà ní gbogbo Sátidé ńkọ́?”

“Kò sí ẹmu níbẹ̀, Alhaja. Kò sí rí. Abọ́ wọn gan-an yàtọ̀.”

“Ìyá rẹ ló ní kí o wá sọ ọ́?”

Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ọmọ mi ní, “Àwa méjèèjì la jọ wá, mà.”

Alhaja yí ojú sí obìnrin tó ti jẹ búrẹ́dì. “Ìwọ, lọ yọ ẹnu. O kò mọ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé o kò mọ̀.” Ó wá sọ fún àwọn yòókù pé, “Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò lójú mi. N kò ní í fi ohun tí mo ní láti máa ṣàlàyé tọrọ àánú fún ìyá mi.”

“Alhaja,” ni ọmọ mi wí, “ẹ jẹ́ ká ṣe òmíràn. Kí ẹ tó kírun Alásárì tán, á ti dé.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Mo mọ bí búrẹ́dì ṣe ń pẹ́ tó. Ìyẹ̀fun kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, bí kò bá tíì wú, kò tíì wú nìyẹn. Mo sọ ọ́ síta pé kò ṣeé ṣe.

“Kéékèèké la máa ṣe é, Mọ́mì. Tó bá kéré, kò ní pẹ́ wú, kò sì ní pẹ́ jinná. Wọn ò tiẹ̀ ní nílò ọ̀bẹ.”

Alhaja mú báàgì rẹ̀. “Èmi náà ń bọ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.”

Bó ṣe di pé Alhaja bá wa wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìlódè nìyẹn. A bá bàbá ọmọ mi lẹ́yìnkùlé, mo ti pè é lórí fóònù látinú kẹ̀kẹ́, ó ti dáná, gbogbo igi tó ní ló ti kó sínú ààrò. Bó ṣe rí Alhaja, ó gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu tó wà lábẹ́ tábìlì, ó ń bá a sá lọ sí ilé kejì bí ẹni tó gbé ejò.

“Bàbá Oníbúrẹ́dì, ẹ dúró!” ni Alhaja ké. “Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ? Ẹ jẹ́ kí n rí ojú ọ̀tá mi.”

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì náà. Ó ní òun ni kó mú, kó má mú ọmọ. Alhaja ní, “Ẹ dìde, ẹ kó igi wá. Ẹ ti lawọ́ jù. Bí gbogbo olè bá rí báyìí, ayé á dùn.”

Ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kò sì yé béèrè.

“Kí nìyẹn?”

“Iyọ̀ ni, Alhaja.”

“Èyí tó funfun yẹn?”

“Mílíìkì ni, mà.”

“Omi yẹn, ṣé omi ni?”

“Ẹ tọ́ ọ wò, Alhaja.”

Ó tọ́ ọ wò lóòótọ́. Ó bèèrè nípa abọ́, ọmọ mi fi funfun àti aláwọ̀ aró hàn án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ṣàlàyé èyí tó wà fún kí ni, láti ọjọ́ wo. Alhaja wo èmi. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?” Mo ní rárá, mo ní mo bá a jà lórí ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ mi jẹ́ kí yíìsì pọ̀ sí i, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, ó gbé e sí ojú oòrùn níbi tí ooru ààrò ti lè bà á. Bó ṣe ń wú, ó ń gé e ní róbóróbó, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Mo ń bá a to páànù. Nígbà tó ń fa èyí tó kọ́kọ́ jinná jáde, páànù jó o lápá, mo sì figbe ta. Mo ti ń sá lọ bu omi kànga.

“Ìyá Oníbúrẹ́dì,” ni Alhaja wí, “ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ bí i, ààrò kọ́.”

Ọmọ mi ti apá náà bọnú omi, ó fà á yọ, ó padà sídìí iná. Ibẹ̀ ni mo ti dúró, abọ́ omi lọ́wọ́ mi, tí mo ń wò ó. Irun rẹ̀ ti kún fún ìyẹ̀fun, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín. N kò rí ọmọ tí mo fẹ́ kó sínú ọ̀rá. Mo rí obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí àgbàlagbà kan jókòó tì tó ń wò ó láti rí àléébù, tí kò sì rí i. Mo gbé abọ́ omi náà sílẹ̀. N kò tún sọ fún un pé kó fi aṣọ di ọwọ́ ní ọjọ́ yẹn.

Wọ́n ti kírun tán nígbà tí a dé Òkè-Ogbó, ṣùgbọ́n àdúrà kò tíì parí. Búrẹ́dì náà ṣì gbóná débi pé ọ̀rá rẹ̀ ń làágùn. Obìnrin alákàrà tó nàka sí wa lọ́sàn-án ló gba páálí lọ́wọ́ ọmọ mi. Kò kí wa. Ó mú ọ̀kan, ó là á sí méjì, ó gbé e sí imú, ó wá ní, “Jókòó, ó ti rẹ̀ ọ́.” Bàbá àgbà kan láàárín àwọn tó ń ṣàdúrà bi Alhaja pé ta lọmọ náà. Alhaja sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fi èènì ọkọ mi pamọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ mi pé kí yunifásítì gbà á wọlé. Èmi oníṣọ́ọ̀ṣì, àmín tí mo ṣe ni ó dún jù.

Búrẹ́dì tó dàpọ̀ ńkọ́? A kó o padà sí Ìlódè, a pín in fún àwọn aládùúgbò tó bá fẹ́ ẹ. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ẹmu wà nínú òmíràn níbẹ̀. Ayálégbé wa kan bèèrè bóyá òun lè ṣa èyí tí ẹmu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìyá Olóyin sọ òtítọ́ kan: ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn tó ń ṣe àkóso ọjà. Wọ́n pè wá. Ọmọ mi sọ bó ṣe rí, wọ́n sì ní ká padà sídìí tábìlì wa. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló padà sọ́dọ̀ wa. Obìnrin méjì láti ojúlé Alhaja máa ń gba iwájú wa kọjá, wọ́n á kí wa dáadáa, wọn kò sì ní rà. N kò bá wọn jà. Alhaja ń wá ní tirẹ̀. Bí ọkọ mi bá ti ń na ọwọ́ sí nǹkan kan, á ti pariwo láti òkèèrè: “Bàbá Oníbúrẹ́dì, ẹ fi èènì yín sílẹ̀!” Ọkọ mi ti wá ń fún un ní ọsàn, níṣojú ọmọ mi.

Ìyẹn ni mo ní fún Ìyá Olóyin àti fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ jù. Kò ní í yé sọ ọ́, n kò sì ní í bá a wí. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Bí ẹ bá dúró nídìí tábìlì wa, tàbí ti ẹlòmíràn tó ń ta ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó bá ní òun fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń kánjú, ẹ dúró gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sanwó.